Lúkúlúkú àti ìgbẹ́ adìẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ìdílé wa ní Ṣakí ń sin adìẹ ìbílẹ̀ 30 àti màlúù 3. Bí ọyẹ́ bá ti dé, lúkúlúkú a máa pa ọ̀pọ̀ adìẹ wa. Kí ni kí a ṣe? Ǹjẹ́ a sì lè da ìgbẹ́ adìẹ sí pápá tí màlúù ti ń jẹ koríko?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Lúkúlúkú kò ní oògùn. Àjẹsára ni ààbò rẹ̀, ó sì gbọdọ̀ ti ṣiṣẹ́ lára adìẹ kí ọyẹ́ tó mú. Ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ nípa èyí tí a ń kán sójú, tí a máa ń tún ṣe láàárín oṣù 3 sí 4. Ẹ mú adìẹ lálẹ́ nígbà tó bá ti wọlé sùn, ẹ kán ẹ̀kán kan sí ojú rẹ̀, ẹ má sì tú u sílẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé adìẹ tó ń ṣàìsàn lọ sọ́jà, torí ibẹ̀ ni àrùn ti ń wọ ilé ẹlòmíràn.

Ní ti ìgbẹ́, ẹ má dà á sí pápá màlúù rárá. Bí òkú adìẹ bá jẹrà sínú rẹ̀, májèlé tó wà níbẹ̀ lè rọ màlúù lẹ́sẹ̀, kí ó sì pa á. Ẹ kó o jọ kí ó jẹrà dáadáa, kí ẹ wá pò ó mọ́ ilẹ̀ oko àgbàdo. Òkú adìẹ ní tirẹ̀, ẹ dáná sun ún tàbí kí ẹ rì í sínú kòtò tó jìn.