Ọmọ mi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àmọ́ kò lè kọ àròkọ: kí ni kí n ṣe kí WAEC tó dé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Ìtọ̀kú ni mo ti ń ta àdìrẹ, èmi náà ni mo sì ń rẹ ẹ́. Àkọ́bí mi ọkùnrin wà ní SS2 ní ilé ìwé ìjọba kan níbí l'Ábẹ́òkúta. Tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, á dùn mọ́ yín, àmọ́ tí wọ́n bá ní kó kọ àròkọ, ojú ìwé kan kì í kún. Máàkì rẹ̀ kì í ju 12 lọ nínú 50. Wọ́n lé ní 80 ní kíláàsì wọn. Èmi ò kàwé kọjá pámárì, n ò lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnìkan ní kí n ra ìwé àwọn àròkọ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un, kó há wọn sórí. Ẹlòmíì ní kí n máa tọ́jú owó de special centre, níbi tí wọ́n á ti fi ọ̀nà ẹ̀bùrú ràn án lọ́wọ́ nínú ìdánwò. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti special centre kúrò nílẹ̀. Ẹ má san án rárá. Tí WAEC bá rí màgòmágó nínú ìwé ìdánwò, wọ́n lè dá èsì dúró, wọ́n sì lè fagi lé e pátápátá. Owó á lọ, ọdún á lọ, ọmọ náà ò sì ní mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò sí ohun tó burú nínú kó ka ìwé àròkọ. Híhá a sórí ló burú. Mo ti rí ọmọ tó há lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ sórí, pé iṣẹ́ dókítà lòun fẹ́ ṣe. Ìdánwò dé, wọ́n ní kó kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí títì tó bà jẹ́ ládùúgbò rẹ̀. Ìpínrọ̀ kejì ni dókítà ti wọlé.

Àròkọ WAEC gba máàkì 50. Wọ́n ń fún kókó ọ̀rọ̀ ní 10, bí ọmọ ṣe tò ó ní 10, bó ṣe lo èdè ní 20. 10 tó kù wà fún gírámà, sípẹ́lì àti àwọn àmì. Nínú 10 yẹn, ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Tí àṣìṣe bá ti pé 20, gbogbo ẹ̀ ti wọmi. Bí ọ̀rọ̀ 450 ni wọ́n sì ń retí, nítorí náà ẹni tí ojú ìwé rẹ̀ kì í kún ti pàdánù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣìṣe.

Ẹ má rò pé ọmọ yín kò lórí ìwé. Yorùbá tó ń gbé nínú rẹ̀ ló ń gba abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin kan láti Láfẹ́ńwá kọ ọ́ fún mi nígbà kan pé: "My mother wake up since and he go to market." Mo lóye ohun tó ń sọ dáadáa: ìyá mi ti jí tipẹ́, ó sì ti lọ sọ́jà. Àmọ́ ẹ wò ó. "Ó" kan náà la ń pe ọkùnrin àti obìnrin ní Yorùbá, ìyẹn ló ṣe pe ìyá rẹ̀ ní "he". "Jí" àti "lọ" tiwa kì í yí padà, ì báà jẹ́ àná tàbí òní, ìyẹn ló ṣe kọ "wake" àti "go". "Tipẹ́" ló sì di "since". Àṣìṣe 4 nínú gbólóhùn kan, máàkì 2 ti lọ. Tó bá ń sọ ọ́ lẹ́nu ni, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró.

Ẹ má sì bínú sí olùkọ́ wọn. Tó bá ń kọ́ kíláàsì 4, tí ọmọ 80 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé 320 nìyẹn. Ìṣẹ́jú 5 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ó lé ní wákàtí 26 fún àròkọ ẹyọ kan péré. Èmi náà ti jókòó ti irú ẹrù ìwé bẹ́ẹ̀ títí ojú fi ń ro mí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá yín wo ìpínrọ̀ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀. Ìyẹn kò ní ṣòro fún un.

Èyí tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé nǹkan kan tó mọ̀ fún yín. Ẹ fi àdìrẹ bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yin lọ̀gá níbẹ̀. Tó bá fo ibì kan, ẹ dá a dúró: "O ò tíì so ìko, o ti gbé aṣọ sínú aró?" Tó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, kó sọ ohun tí wọ́n fi ń ya ọ̀nà sára aṣọ, kó sọ ìdí tí aró kì í fi mú ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Ibi tí kókó ọ̀rọ̀ àti ètò ti ń wá nìyẹn, 20 nínú 50, ẹ ò sì nílò Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ọ. Níbí l'Ábẹ́òkúta ni òyìnbó ajíhìnrere Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn àlàyé náà, kó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú 20, kó sì kà á sókè sí yín létí. Níbi tí èémí rẹ̀ bá ti tán kí gbólóhùn tó tán, kó gé e síbẹ̀. Níbi tó bá ti kọsẹ̀, kó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Kó wá tún un sọ ní Yorùbá látinú ohun tó kọ. Ẹ máa gbọ́ ohun tó sọnù lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, àròkọ yẹn náà ni kó tún kọ, kó má tíì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Irú àṣìṣe kan ṣoṣo ni kó máa ṣọ́ lọ́sẹ̀ kan: "he" àti "she" lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìṣe tó ti kọjá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó máa kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé.

Tẹ́ ẹ bá rówó san fún lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé ìwé, ẹ bi olùkọ́ náà pé àròkọ mélòó ni ọmọ máa kọ lọ́sẹ̀, àti pé ṣé á dá a padà fún un láti tún un kọ. Tó bá jẹ́ pé A, B, C, D nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ẹ fi owó yín ra ìwé ìbéèrè àtijọ́. Wákàtí 2 ni WAEC fún àròkọ, àyọkà àti sọ́márì pa pọ̀, nítorí náà kó máa fi aago kọ ọ́. Ní ti sọ́márì, gbólóhùn kan fún kókó kan, lọ́rọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá gbé gbólóhùn inú àyọkà bó ṣe wà kò ní rí máàkì gbà. JAMB kò ní àròkọ ní tirẹ̀: ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì nínú 180, lórí kọ̀ǹpútà. Kó lọ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tí ìyẹn bá kù díẹ̀.

Tó bá ti kọ àròkọ àdìrẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ jẹ́ kó ka ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀kẹta sí yín létí ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, kí òun náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.