Ẹ Bi Wá, Ká Dáhùn: Kíkó /var lọ sórí dísìkì tuntun

Ìbéèrè láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Server kékeré kan la fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ubuntu ló wà lórí rẹ̀, SSD 120GB ló ní, kò sì sí LVM (ètò tó ń jẹ́ kí a lè fi àyè kún àyè lórí dísìkì) níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, MySQL tó ń tọ́jú database wa kọ̀, kò dìde mọ́. Mo wo df -h, mo rí i pé / (ibi tí gbogbo fáìlì ẹ̀rọ wà) ti kún dé 100%. Mo ti ra háàdì dísìkì 1TB tòkunbọ̀ kan ní Queen Cinema. Ṣé mo lè kó /var (ibi tí database àti àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ń wà) lọ síbẹ̀ láìba iṣẹ́ jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ lè kó o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó jẹ àyè yẹn tán:

sudo du -xh --max-depth=2 /var | sort -h | tail -15

Ìlà ìkẹyìn ni àpapọ̀ /var fúnra rẹ̀. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ /var/log/journal ló wú, journalctl --vacuum-size=200M yóò gé e kúrú. Bó bá jẹ́ /var/cache/apt ni, apt clean ti tó. Ẹ ṣe méjèèjì bó ti wù kó rí, torí àyè díẹ̀ tó bá yọ ni MySQL yóò fi dìde, tí ẹ ó sì lè fi mysqldump kó database yín sórí fláàṣì kan. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn títí ẹ̀dà yẹn yóò fi wà lọ́wọ́ yín. Bó bá wá jẹ́ /var/lib/mysql ló tóbi jù, iṣẹ́ yín ló ti dàgbà ju SSD yẹn lọ, kíkó ló kàn.

Ẹ yẹ dísìkì tòkunbọ̀ náà wò kí ẹ tó gbé owó oníbàárà lé e. Ẹ so ó mọ́ inú ẹ̀rọ pẹ̀lú okùn SATA àti ti iná. Ẹ má fi sínú àpótí USB, torí ẹni kan á ṣèèṣì fọwọ́ fà á yọ lọ́jọ́ kan, /var á sì bá a lọ. Ẹ fi smartmontools sórí ẹ̀rọ, kí ẹ ṣe smartctl -a /dev/sdb, kí ẹ wo iye tó wà ní RAW_VALUE. Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Bí ìkejì bá ju 0 lọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Power_On_Hours ń sọ iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́: ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760, nítorí náà èyí tó bá ti ṣe 40,000 ti ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́rin àbọ̀ lọ láìsinmi.

Ó wá kan kíkó. Ẹ má ṣe é nígbà tí server wà lẹ́nu iṣẹ́, torí /var kì í sinmi. Bí ẹ tilẹ̀ dá MySQL dúró, journald (akọ̀wé ẹ̀rọ) àti cron (tó ń ṣe iṣẹ́ alákòókò) ṣì ń kọ nǹkan síbẹ̀. Ẹ̀dà tí a ṣe nígbà tí a ṣì ń kọ fáìlì lọ́wọ́, àbọ̀ ni, database ló sì máa kọ́kọ́ fara gbá a. Ẹ fi fláàṣì Ubuntu Desktop tan ẹ̀rọ náà, ẹ mú "Try Ubuntu", ẹ ṣí terminal, kí ẹ ṣe sudo -i. Lẹ́yìn náà:

lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,FSTYPE

Ẹ má gbà pé sdb àná ni sdb òní: fláàṣì tí ẹ fi tan ẹ̀rọ náà ti gba orúkọ kan lọ́wọ́ wọn. Ìwọ̀n àti model ni kí ẹ fi dá dísìkì mọ̀. Nínú àwọn àṣẹ ìsàlẹ̀ yìí, sdb ni dísìkì tuntun, sda2 sì ni / tó wà lórí SSD; bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò wọn. Àṣẹ méjì àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé èyí ń pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́, wọn kì í sì í bi ni lẹ́ẹ̀mejì.

parted -s /dev/sdb mklabel gpt mkpart var ext4 1MiB 100%
mkfs.ext4 -L var -m 1 /dev/sdb1
mkdir /mnt/atijo /mnt/tuntun
mount /dev/sda2 /mnt/atijo
mount /dev/sdb1 /mnt/tuntun
rsync -aHAX /mnt/atijo/var/ /mnt/tuntun/

-m 1 yẹn ṣe pàtàkì. Láìsí i, ext4 yóò ya 5% sọ́tọ̀ fún root (ọ̀gá ẹ̀rọ), ìyẹn bíi 50GB lórí dísìkì 1TB. Ẹ kíyè sí àmì / tó kẹ́yìn var nínú àṣẹ rsync náà. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, /var/var lẹ máa bá lọ́la, kò sì sí ohun tó máa dìde. Ẹ má fi cp -r rọ́pò rsync: cp -r yóò sọ gbogbo fáìlì di ti root, MySQL ò sì ní lè ṣí fáìlì ara rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín kíkó, ẹ má jáyà. Ẹ tún fláàṣì tan, ẹ so dísìkì méjèèjì padà, kí ẹ tún àṣẹ kan náà fún un; yóò fo àwọn tó ti dé, yóò sì kó ìyókù.

Nígbà tó bá parí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

rsync -aHAXni --delete /mnt/atijo/var/ /mnt/tuntun/

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó mẹ́nu bà ni lost+found. Bó bá dárúkọ fáìlì mìíràn, kíkó náà ò tíì pé. Bó bá pé:

mv /mnt/atijo/var /mnt/atijo/var.atijo
mkdir /mnt/atijo/var
blkid -s UUID -o value /dev/sdb1

Ẹ fi nano ṣí /mnt/atijo/etc/fstab (àtòkọ àwọn dísìkì tí ẹ̀rọ ń so nígbà tó bá ń dìde), kí ẹ fi ìlà yìí kún un, kí ẹ sì fi UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) tí ẹ rí dípò àmì mẹ́ta yẹn:

UUID=... /var ext4 defaults 0 2

2 tó wà lẹ́yìn ń sọ pé kí wọ́n yẹ dísìkì yìí wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ / wò. Ẹ má kọ /dev/sdb1 síbẹ̀ láéláé. Ẹ má sì fi nofail (tó ń sọ pé kí ẹ̀rọ dìde bí dísìkì ò bá tilẹ̀ sí) sí i: lọ́jọ́ tí dísìkì bá kọ̀, server yóò dìde pẹ̀lú /var òfìfo, wàhálà rẹ̀ sì ju kó má dìde rárá lọ. Kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, kí ẹ yọ fláàṣì, kí ẹ sì tún un tan:

findmnt --verify --tab-file /mnt/atijo/etc/fstab

Ó lè ráhùn nípa /swap.img; ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, torí fáìlì yẹn ò sí lórí fláàṣì. Àṣìṣe mìíràn, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí server bá ti dìde, findmnt /var gbọ́dọ̀ tọ́ka sí dísìkì tuntun, systemctl --failed ò sì gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. SSD yín ò tíì ní fúyẹ́ o, torí /var.atijo ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó pa á rẹ́.

Ìbéèrè láti Bódìjà: Mo so dísìkì kan mọ́ /srv/foto nínú fstab. Nígbà tí mo tún kọ̀ǹpútà tan, ó dúró bíi ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ó wá kọ "emergency mode". Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ó ń dúró de dísìkì tí kò rí ni. Bó bá gbà yín láyè láti wọlé níbẹ̀, ẹ ṣe mount -o remount,rw / , ẹ ṣí /etc/fstab, ẹ fi # síwájú ìlà náà, kí ẹ tún un tan. Bí kò bá gbà, ẹ fi fláàṣì Ubuntu tan ẹ̀rọ, kí ẹ ṣàtúnṣe náà láti ibẹ̀. Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n kọ PARTUUID (nọ́ńbà mìíràn, ti partition) tí blkid fi hàn sí ibi tí UUID yẹ kó wà. Ẹgbẹ́ ara wọn ni méjèèjì wà, ojú sì lè fo. Ní tiyín, nofail dára, torí kọ̀ǹpútà lè dìde láìsí fọ́tò. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ ṣe systemctl daemon-reload àti mount -a kí ẹ tó pa á.

Ìbéèrè láti Ṣáńgo: Dísìkì 500GB ni mo fi Ubuntu Server sí, ṣùgbọ́n df ń sọ 98G, ó sì ti kún. Ṣé kí n ra òmíràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ má ra nǹkan kan. Bí ẹ bá lo LVM tí installer gbé síwájú yín, 100GB péré ló máa ń gé fún / lórí dísìkì tó tóbi, ìyókù á wà nílẹ̀ lásán. Ẹ ṣe sudo vgs, kí ẹ wo VFree (àyè tí a ò tíì lò). Bí àyè bá wà:

sudo lvextend -r -l +100%FREE /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ ò sì ní pa server.

Ìbéèrè láti Àpáta: Ṣé a lè kó /etc náà lọ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Inú /etc ni fstab wà. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kà á kó tó mọ ibi tí dísìkì kejì wà. /home ni kí ẹ kó. Ọ̀nà kan náà ni, bí ẹ bá ti fi /home rọ́pò /var níbi gbogbo.