Kí ló dé tí sójà fi ń yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi ìsìnkú?

Ẹnì kan wo ìsìnkú Ọ̀gágun Lagbaja lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ Ìlobùú tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wa, tí wọ́n sin l'Abuja ní November 15, 2024. Ó wá ń béèrè pé kí ni ìbọn táwọn sójà máa ń yìn lójú oórì wà fún, ṣé kí òkú má baà padà wá dààmú èèyàn ni, àti pé kí ni wọ́n ń fi fèrè àti àsíá yẹn ṣe.

Rárá o, kò kan òkú tó ń dààmú èèyàn. Ojú ogun ló ti wá. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, tí ìjà bá ti le, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dáwọ́ dúró kí kálukú lè kó òkú tiẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n bá ti ṣe tán wọ́n á yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn ni pé a ti tọ́jú àwọn èèyàn wa o, ó yá, ẹ jẹ́ ká máa jà lọ. Àmì ìjà ni wọ́n sọ di ẹ̀yẹ, ọmọ aráyé sá! Etù nìkan ló ń dún, kò sí ọta níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pè é ní 21-gun salute. 21-gun salute, àgbá ni wọ́n ń yìn nígbà mọ́kànlélógún, àwọn olórí orílẹ̀-èdè sì ni wọ́n sábà máa ń fi yẹ́ sí. Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé ní Amẹ́ríkà, sójà méje ló sábà máa ń yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ṣírò ẹ̀, 21 náà ni, làwọn èèyàn bá pa méjèèjì pọ̀. Tiwa nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọdẹ náà ń yìnbọn tí ẹnì kejì wọn bá kú, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á ṣe ìpà ọdẹ, àmọ́ ìdí tiwọn yàtọ̀.

Fèrè yẹn, Last Post ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún ẹ̀. Ní bárékè, òun ni wọ́n fi ń kéde pé iṣẹ́ òòjọ́ ti parí, gbogbo ẹ̀ṣọ́ ti wà láyè wọn. Lójú oórì, ó ti túmọ̀ sí pé iṣẹ́ sójà yìí náà ti parí. Tó bá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á fun Reveille, tí wọ́n fi ń jí sójà láàárọ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì máa ń rí àjíǹde nínú ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ò lo Last Post, Taps ni tiwọn, láti 1862 nígbà ogun abẹ́lé wọn.

Àsíá kì í wọlẹ̀ pẹ̀lú òkú. Wọ́n á ká a lórí pósí, wọ́n á fà á lé ìyàwó tàbí mọ̀lẹ́bí lọ́wọ́, nítorí orílẹ̀-èdè ló ń dúpẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún rí sójà tó dojú ìbọn kọlẹ̀ tó tẹrí ba, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe.

Tẹ́ ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ dìde tí fèrè bá ń dún, ẹ̀yin ọkùnrin ẹ ṣí fìlà. Ẹ má wulẹ̀ sàlúùtù o, àwọn tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ló ń ṣèyẹn.