Kí Ẹ Tó Yá Owó Iléèwé

Ẹ kú ìrònú ọmọ, ìyá wa. Ẹ ní iṣẹ́ aránṣọ lẹ ń ṣe, ẹ sì fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ẹ lè mú ọmọ yín kúrò níléèwé ìjọba lọ sí iléèwé aládàáni àdúgbò yín. Mo ti ṣe olùkọ́ níléèwé ìjọba n'Íbàdàn, mo sì ti kọ́ ọmọ àwọn olówó nílùú kan náà, ohun tójú mi rí ni n ó sọ.

Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní NCE kan ṣoṣo ni mo lò níbi méjèèjì. Níléèwé ìjọba, ọmọ tó lé ní 70 ló wà ní kíláàsì mi, bẹ́ẹ̀ ọmọ 35 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ fún olùkọ́ kan níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ àròkọ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ á parí kí n tó kà á dé ìdajì, àṣìṣe tí ọmọ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni yóò sì tún ṣe nínú ìdánwò. Lọ́dọ̀ àwọn olówó, ọmọ bí 20 ni mo ní, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́. Bí bírò pupa mi bá fo ọ̀rọ̀ kan, ìyá ọmọ á ti pe olùdásílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ìyá tó ń kiri ọjà náà fẹ́ràn ọmọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pè tí yóò dá a lóhùn. Nígbà tí àrùn kòrónà ti iléèwé pa lọ́dún 2020, orí Zoom lọmọ olówó ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Rédíò ni wọ́n fi kọ́ àwọn tiwa, ilé tí kò sì rówó ra bátìrì, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti kọjá wọn nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ iléèwé aládàáni kéékèèké tí àwọn òbí bíi tiyín ń fi gbèsè sanwó sí kò ní ohun tí àwọn olówó ń rà. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tó ń retí JAMB, ló sábà máa ń kọ́ wọn, nígbà tó jẹ́ pé NCE ló kéré jù tí olùkọ́ yẹ kó ní. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí iléèwé aládàáni tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ fún yín, kí ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ń tọ́ àṣìṣe wọn sọ́nà, kí ẹ sì béèrè ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Bí kò bá sàn ju ibi tí ọmọ wà lọ, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ níléèwé ìjọba, kí ẹ máa fi díẹ̀ nínú owó náà san fún olùkọ́ gidi tí yóò máa jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò sì máa ka iṣẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀.