Ọrùn Ríro: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Lọ́ Ọrùn Yín

Ìbéèrè láti Arákalẹ̀, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin onífísíò wa. Télọ̀ ni mí ní Arákalẹ̀, mo ti pé ọmọ ọdún 46. Láti ìgbà tí a ti ń rán aṣọ ẹbí kan ṣáájú ọdún Àjíǹde ni ọrùn ti ń ro mí. Ẹ̀yìn orí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká ọ̀tún, ó wá dúró sáàárín ẹ̀yìn. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀yìn, gbogbo ara ni mo fi ń yí. Mo ti gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì títí, mo ti fi ìpara gbígbóná pa á. Dókítà yẹ̀ mí wò, wọ́n ní kò séwu, kí n lọ bá àwọn onífísíò. Ọkọ mi ní físíò kò ju kí wọ́n máa fọwọ́ ra èèyàn lára lọ, pé òun mọ bàbá kan tó máa lọ́ ọrùn náà, tó máa dún "kẹ́kẹ́", tí gbogbo rẹ̀ á sì tán lọ́jọ́ yẹn. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn. Mo fẹ́ sọ èyí ná kí n tó sọ ohun mìíràn, kí ẹ sì kà á sétí ọkọ yín. Eegun 7 ló to léra nínú ọrùn. Ihò kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tòkè, òpó ẹ̀jẹ̀ méjì ló ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ. Bí ẹnìkan bá fi agbára lọ́ ọrùn lójijì, òpó ẹ̀jẹ̀ yẹn lè ya nínú, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, èyí tó dì náà á gòkè lọ dí ọ̀nà mọ́ ọpọlọ. Rọpárọsẹ̀ ló ń dà. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lè má dìde mọ́. Ẹ̀mí yín ju ọrùn tó fúyẹ́ fún ọjọ́ kan lọ.

Ariwo "kẹ́kẹ́" tí wọ́n ń sọ, afẹ́fẹ́ inú oríkèé ló ń dún. Kò sí eegun kankan tó yẹ̀ tó wá ń padà sáyè rẹ̀. Ara lè fúyẹ́ fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ohun tó fa ìrora ṣì wà níbi tó wà.

Ní ti pé físíò kò ju ìfọwọ́ra lọ: lóòótọ́, a máa ń fọwọ́ ra ibi tó bá le, a sì máa ń fi ooru sí i, torí ó ń dín ìrora kù kí èèyàn lè ráyè mi ọrùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń wo ọrùn sàn, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣe é. Tí onífísíò bá ń ra yín lára láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí kò kọ́ yín ní eré ìmárale kankan, tí kò bi yín bí ẹ ṣe ń jókòó síṣẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún télọ̀ tó bá wọlé sọ́dọ̀ mi ni pé kó jókòó, kó fi bó ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ hàn mí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tú. Orí á yọ síwájú, èjìká á gòkè dé etí, imú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́rẹ́. Bí iná bá lọ, wọ́n á há fóònù sáàárín àgbọ̀n àti èjìká kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tàn sára aṣọ. Ẹ ní ẹ ti pé 46. Lẹ́yìn 40 ọdún, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí ohun tó sún mọ́ ọn dáadáa mọ́, orí á wá máa wá ibi tí ojú ti lè ríran: ó ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, àgàgà tó bá jẹ́ òwú dúdú lórí aṣọ dúdú. Nítorí náà, kí ẹ tó ná owó kankan mọ́ sórí ìpara, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ojú. Mo ti rí ọrùn tó jẹ́ pé awò ojú àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa ló ṣe é láǹfààní ju ohunkóhun tí mo fọwọ́ mi ṣe lọ.

Orí èèyàn wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 5. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mọ́ àyà, ẹ máa rí i gbé. Ẹ wá na ọwọ́ tí ẹ fi gbé e síwájú, ẹ wò ó bóyá ẹ lè ka 20. Omi kò sì pọ̀ sí i. Ohun tí ojú iṣan ẹ̀yìn ọrùn yín ń rí nìyẹn láti àárọ̀ títí tí ẹ fi ń ti ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín nà, kí ojú yín wo iwájú. Ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn tààrà. Ẹ má tẹ orí ba, ẹ má sì gbójú sókè. Ẹran abẹ́ àgbọ̀n á ṣù jọ, ẹ̀yìn ọrùn á nà. Ẹ dì í mú, ẹ ka 5, ẹ tú u sílẹ̀. Ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Èyí ni mo mú lọ́kùn-únkúndùn jù, nítorí àwọn iṣan kéékèèké iwájú ọrùn ló ń jí, àwọn tó yẹ kó máa ran ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ àmọ́ tó ti sùn. Bó bá ti wá rọrùn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ síwájú orí, ẹ fi orí ti ọwọ́, kí ọwọ́ má jẹ́ kó lọ. Ẹ ka 5. Ẹ ṣe é lọ́tùn-ún, ẹ ṣe é lósì, ẹ ṣe é lẹ́yìn orí. Orí kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Kí ẹ tó dìde, ẹ fa èjìká méjèèjì sẹ́yìn kí eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn wọn súnmọ́ra. Ó lè fà yín lára díẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n tí ìrora bá ń ta lọ sí apá, tàbí tí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró.

Ní ṣọ́ọ̀bù, tó bá jẹ́ ẹ̀rọ orí tábìlì lẹ ń lò, ẹ wá pákó sábẹ́ rẹ̀ kí aṣọ gòkè wá bá yín. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹ lo àga tó tún rẹlẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá ń lẹ òkúta sára léèsì, ẹ gbé tìmùtìmù lé itan kí iṣẹ́ sún mọ́ ojú. Ẹ máa dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, kódà kí oníbàárà dúró lé yín lórí. Lálẹ́, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tí ẹ rì sínú omi gbígbóná, tí ẹ sì fún dáadáa, lé ọrùn fún ìṣẹ́jú 15.

Abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì ńkọ́? Ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Àwọn oògùn apàrora bíi diclofenac lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́ tí èèyàn bá ń gbà á lọ láìsí dókítà níbẹ̀. Ọrùn tó ti ń ro láti ọdún Àjíǹde kò ní lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 6 ṣe é láìfo ọjọ́. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIMED wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Oǹdó, ẹ mú ìwé dókítà yín lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú aládàáni lẹ fẹ́, ẹ bèèrè bóyá orúkọ ẹni náà wà lọ́dọ̀ MRTB, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn onífísíò níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ìbéèrè yẹn àfi ẹni tí kò níwèé.

Ìbéèrè láti Oǹdó

Bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, ọmọ ọdún 67, ní ọrùn ríro tipẹ́. Láìpẹ́ yìí, ọwọ́ wọn méjèèjì ń kú, wọn kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mọ́, ẹsẹ̀ wọn sì ń wúwo tí wọ́n bá ń rìn. A ti ra kọ́là tí wọ́n fi ń gbé ọrùn ró fún wọn. Eré ìmárale wo ni kí wọ́n ṣe?

Ìdáhùn

Kankan, ná. Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ bàbá kúrò ní ọrùn ríro lásán. Bí ọwọ́ kò bá lè de bọ́tìnnì mọ́, tí ẹsẹ̀ sì ń wúwo, ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa tẹ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tó ń gba àárín eegun kọjá láti ọpọlọ wá, tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ròyìn bọ́tìnnì àti ẹsẹ̀ yẹn fún dókítà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi. X-ray nìkan lè má tó, MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń fi okùn náà hàn. Tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń bọ́ lára wọn láìmọ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ fa ọrùn yẹn. Kọ́là kò ní tú ohun tó ń tẹ okùn sílẹ̀. Bí èèyàn bá sì ń wọ̀ ọ́ títí lọ, iṣan ọrùn á di ọ̀lẹ.

Kí ẹlòmíràn tó ń kà á náà gbọ́: ọrùn tó gan pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, tí ojú kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó lè jẹ́ yírùnyírùn, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ọrùn tó ń ro lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbé èèyàn ṣubú, bẹ́ẹ̀ náà. Ìrora àyà tó ń ta sí ọrùn, àgbọ̀n tàbí apá òsì, tí òógùn ń bò yín, ọkàn ni kí ẹ fura sí.

Ìbéèrè láti FUTA, Àkúrẹ́

Ìrọ̀rí mélòó ló dáa? Méjì ni mò ń lò, ikùn ni mo sì máa ń dùbúlẹ̀ lé.

Ìdáhùn

Ọ̀kan. Tí o bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó ga tó àlàfo tó wà láàárín etí àti èjìká rẹ, kí ọrùn má tẹ̀ sí ibì kankan. Dáwọ́ dídùbúlẹ̀ lórí ikùn dúró, torí o kò lè mí bí o kò bá yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibẹ̀ ló sì máa wà títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Tí o bá ń ka ìwé lórí fóònù kí o tó sùn, gbé fóònù sókè dé iwájú ojú, kí o sì fi ìrọ̀rí kejì yẹn ti ìgúnpá.