Àwọ̀ ìtọ̀ kọ́ ni kó já ọ láyà, èyí tí ojú kò rí ni

Àbúrò mi, o ní láti ìgbà tí bàbá yín ti ń lo oògùn fítámínì B-complex ni ìtọ̀ wọn ti ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí kíndìnrín wọn máa da fítámínì nù.

Fọkàn balẹ̀ lórí àwọ̀ yẹn. Fítámínì B2 tó wà nínú B-complex ló fà á. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ara ti mú tirẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ jáde, ara ẹni tó le koko náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ ní ìdí. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Warwick, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé fítámínì B1 inú omi ẹ̀jẹ̀ àwọn onítọ̀ ṣúgà fi nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹlòmíì. Kíndìnrín wọn ló ń dà á sínú ìtọ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò ká a mọ́, torí inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló ń wò, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn sì ti ń sapá fa B1 mọ́ra.

Síbẹ̀, albumin, irú purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá kíndìnrín ti ń jò, kì í ṣe fítámínì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ màámi ti dùn mí. Lábù kan níbí, ní Ìkòròdú, ti bébà àyẹ̀wò bọ ìtọ̀ wọn, wọ́n ní kò sí purotéènì. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà mìíràn ló là wá lọ́yẹ̀: albumin lè máa jò, 30 sí 300 miligíráàmù lóòjọ́, kí bébà yẹn má sì fi nǹkan kan hàn. ACR ló kọ fún wa, àyẹ̀wò tó ń fi albumin inú ìtọ̀ wé creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń dà nù. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ àárọ̀ ni wọ́n ní ká gbé wá. Mo fi láílọ́ǹnù dúdú wé ike kékeré náà, mo gbé e lé itan nínú kórópe láti Èbúté dé Sábó, mo ń dì í mú ní gbogbo kòtò. Èsì fò kọjá 30 miligíráàmù sí gíráàmù creatinine kan, ibi tó yẹ kó mọ. Wọ́n tún un ṣe, torí ibà tàbí àkóràn lè gbé e sókè, kí wọ́n tó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dà sí èyí tó ń dáàbò bo kíndìnrín.

Bí bàbá bá ti ń lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tipẹ́, tí ẹsẹ̀ sì ń ta wọ́n tàbí tó ń kú tipiri, ní kí wọ́n yẹ B12 wò pẹ̀lú. Inú ìfun ni ìyẹn ti ń dín kù, kò kan ìtọ̀.

Sọ ACR fún wọn ní lábù, kí wọ́n má lọ ti bébà bọ̀ ọ́ lásán. Èsì tó bá jáde, dókítà tó ń tọ́jú wọn ni kó kà á, kì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn.