Èsì sí ìbéèrè yìí: Yìnyín ti ń yọ́ lójú omi ẹja mi, ṣé kí n ti máa fún wọn lóúnjẹ?

Ẹ má tíì fún wọn o, bí wọ́n tilẹ̀ ń yọjú sókè. Bí omi kò bá tíì gbóná tó 10°C fún ọjọ́ bíi mélòó kan léraléra, oúnjẹ kì í dà nínú ẹja dáadáa.

Yìnyín tó ṣẹ́kù ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ. Ìró rẹ̀ lè pa wọ́n lára lábẹ́ omi. Ìkòkò omi gbígbóná ni kí ẹ gbé lé e títí yóò fi lu, kí afẹ́fẹ́ burúkú tí ewé jíjẹrà ń tú lè ráyè jáde. Èyí gan-an ló sábà máa ń pa wọ́n, ju òtútù lọ. Ẹ rọra fi àwọ̀n kó ewé náà. Omi oníyọ̀ láti ojú títì, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí yìnyín kó lè yọ́, kò gbọdọ̀ ṣàn wọ ibẹ̀.